“Ẹ Máa Gbé Wọn Lọ Sílé”: Ìtọ́jú Ṣì Kù fún Aláìsàn Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kù Díẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń já ẹbí láyà ní ọsibítù bíi “Ẹ máa gbé wọn lọ sílé.” Bí dókítà bá ti sọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èjìgbò, Másífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé tó yí wọn ká máa ń gbọ́ sí i ni pé ó ti parí. Wọn á háyà mọ́tò, wọn á tẹ́ Bàbá tàbí Màmá sí ìjókòó ẹ̀yìn, wọn á sì kọrí sílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí dókítà mọ́, kò sí nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ku àdúrà, ó ku àgbo, ó ku àwọn àlejò tó ń wá kí wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán tí àlejò lọ, aláìsàn á máa kérora títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tó ń tọ́jú wọn á jókòó tì wọ́n, kò ní mọ ohun tó lè ṣe.

Ohun tí dókítà ń sọ ni pé oògùn tó lè lé àìsàn náà lọ pátápátá kò sí mọ́. Kò sọ pé oògùn ìrora ti tán. Kò sọ pé kí wọ́n má lè sùn, kí egbò máa rùn lára wọn, tàbí kí wọ́n máa bì láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ìyẹn ló ní ìtọ́jú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè rẹ̀ kí àwọn tó kúrò ní ọsibítù.

KÍ NI HỌ́SÍPÍÌSÌ?

Họ́sípíìsì ni ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, tí ó sì jọ pé ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀. Ó wà lábẹ́ ìtọ́jú tó gbòòrò jù ú lọ, tí a lè pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn. Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn yìí kì í dúró di ìgbà tí ọjọ́ bá ku díẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí i pé àìsàn náà le, kí ó sì máa lọ pẹ̀lú ìtọ́jú tó kù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé họ́sípíìsì jẹ́ ilé kan tí wọ́n ń kó àwọn tó fẹ́ kú lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lókè òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ilé aláìsàn gan-an ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Dókítà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìṣòro ẹbí, àti pásítọ̀ tàbí àlùfáà bí aláìsàn bá fẹ́, gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀. Àwọn kan á máa lọ wò ó nílé, àwọn mìíràn á máa pe ẹbí lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ìtọ́jú ń kàn.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú báyìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá wó, ẹni tó ní kòkòrò HIV tó ti le, àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ra, àti ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ tàbí fọ́níkúfọ́ladìde, gbogbo wọn ló lè jàǹfààní rẹ̀.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Cicely Saunders, ló dá ilé họ́sípíìsì ìgbàlódé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. St Christopher's ló ń jẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó di òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ní ọsibítù, kó tó wá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn ni pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan. Ẹni tó ń kú lọ ń ronú ọmọ tí kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́, ó ń ronú gbèsè, ó ń ronú ẹni tí wọ́n jọ jà tí wọn ò tíì parí rẹ̀, ó sì ń ronú bóyá Ọlọ́run máa gba òun. Bí ẹ bá tọ́jú ara nìkan, ìrora tó kù kò ní jẹ́ kó sùn.

Ní Áfíríkà, dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi míṣọ́nnárì, dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Ùgáńdà ní 1993. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ni oògùn mọ́fíìnì olómi. Wọ́n ń ra ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n ń fi omi pò ó, aláìsàn sì ń mu ún nínú ilé rẹ̀. Kò gba abẹ́rẹ́, owó rẹ̀ kò sì gara.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tó jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn ìkunnilóorun àti ìrora, wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Ẹ̀ka họ́sípíìsì wà ní ọsibítù UCH, wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ibòmíràn ní iṣẹ́ náà. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè kan jáde lórí irú ìtọ́jú yìí.

Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó nílò ìtọ́jú yìí kárí ayé, bíi 14 péré ló ń rí i gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ ni àwọn tó kù pọ̀ sí jù.

MỌ́FÍÌNÌ: ṢÉ OÒGÙN IKÚ NI?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá bí wọ́n bá gbọ́ mọ́fíìnì. Wọ́n á ní oògùn tó ń pani ni, tàbí pé ó máa sọ Bàbá di ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn kò ṣòroó mọ̀. Níbí, ó máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Tó bá wá kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oògùn ni wọ́n á di ẹ̀bi rù. Àìsàn ló pa á.

Bí dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí bá kọ ọ́, díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ìrora á fi rọlẹ̀. Aláìsàn lè máa tòògbé lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, inú sì lè máa rìn ín. Méjèèjì yìí sábà máa ń lọ. Èyí tí kì í lọ ni pé ìgbẹ́ á gan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn tó ń jẹ́ ká rí ìgbẹ́ yà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá gbàgbé, ẹ rán an létí.

Ẹni tó ń lo mọ́fíìnì nítorí ìrora jẹjẹrẹ kò jọ ọmọ ìgboro tó ń gbé oògùn jẹ láti fi rí ara gbà. Ohun tí ọ̀kan ń wá ni kó lè jókòó, kó lè jẹun, kó lè mọ ẹni tó wọlé. Èkejì ń wá ohun mìíràn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ṣe pàtàkì. Aago ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Mọ́fíìnì olómi máa ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró kí ìrora tún gbé e kẹ ẹ tó fún un. Ìrora tó ti bẹ́ máa ń ṣòroó kì wọlẹ̀.

Gbogbo aláìsàn kọ́ ló nílò mọ́fíìnì. Láti 1986 ni WHO ti kọ́ ayé pé kí wọ́n máa tọ́jú ìrora jẹjẹrẹ bí ẹni ń gun àkàbà: parasitamọ́ọ̀ àti irú rẹ̀ fún ìrora kékeré, èyí tó lágbára díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ìrora tó pọ̀ díẹ̀, mọ́fíìnì fún èyí tó le. Ohun tó léwu ni kí ẹbí máa ra oògùn ara ríro oríṣiríṣi lójú títì. Púpọ̀ nínú wọn ń dá egbò sí ikùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára àgbàlagbà. Mọ́fíìnì fúnra rẹ̀, ìwé dókítà nìkan ni wọ́n fi ń gbà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́nà mìíràn.

OHUN TÍ ẸBÍ LÈ ṢE NÍLÉ

Púpọ̀ nínú ìtọ́jú yìí kò gba dókítà. Ọwọ́ tó mọ nǹkan ṣe àti sùúrù ló gbà.

Ẹni tí kò lè yíra padà, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má baà dá sí ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ tó dùbúlẹ̀ lé máa gbẹ, kó sì tẹ́ dáadáa. Bí awọ ara bá ti ń pọ́n níbì kan, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn dùbúlẹ̀ mọ́, ẹ sì pe nọ́ọ̀sì.

Bí ẹnu bá gbẹ, ẹ ki aṣọ mímọ́ tó rọ̀ bọ omi, ẹ fi nu ètè àti inú ẹnu. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì fún un pa.

Oúnjẹ máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ díẹ̀ sí i,” Màmá á yíjú kúrò. Bí àìsàn bá ti dé ìpele kan, ara kì í fẹ́ oúnjẹ mọ́. Àìjẹun náà kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ fún wọn ní ìba èyí tí wọ́n bá fẹ́, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ ṣíbí ẹ̀kọ mímu méjì péré.

Egbò jẹjẹrẹ, pàápàá ti ọmú, lè máa rùn débi tí aláìsàn á fi máa ti ara rẹ̀ mọ́lé nítorí ìtìjú. Òórùn náà ní ìtọ́jú. Oògùn kan wà, metronidazole, tí nọ́ọ̀sì lè lọ̀ kúnná kó sì wọ́n sójú egbò lẹ́yìn tó bá ti wẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè. Ẹni tí òórùn egbò rẹ̀ bá dínkù á tún lè jókòó láàárín èèyàn.

Bí mímí bá ń ṣòro, ẹ gbé wọn jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn lójú. Ẹ sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n má pọ̀ jọ sí yàrá.

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà èèyàn ni. Ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ni wọ́n sábà máa ń já gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń yí wọn padà lóru, òun ló tún máa lọ ọjà láàárọ̀. Òwe ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu. Kò ní ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ pín iṣẹ́ náà, kódà kó jẹ́ òru méjì lọ́sẹ̀ ni ẹlòmíràn á fi gbà á sílẹ̀ kó lè sùn.

ṢÉ KÁ SỌ FÚN WỌN?

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o.” Gbólóhùn tí àwọn ọmọ máa ń sọ fún dókítà ní ìta yàrá nìyí. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ti mọ̀. Ara wọn ń sọ fún wọn. Nígbà tí gbogbo ilé bá wá ń díbọ́n, aláìsàn á dá nìkan wà láàárín èrò.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ họ́sípíìsì kì í fi ipá sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, “Bàbá, kí lẹ mọ̀ nípa àìlera yín? Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ sí i, àbí ẹ fẹ́ kí á bá àwọn ọmọ sọ ọ́?” Ohun tí aláìsàn bá fẹ́ ni wọ́n á tẹ̀ lé. Àgbà tó mọ̀ pé àkókò ń lọ á lè sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, á lè parí ìjà àtijọ́, á lè gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Bí kò bá mọ̀, gbogbo ìyẹn á bá a lọ, ẹbí á sì máa fà á láàárín ara wọn lẹ́yìn rẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ TÓ WÀ NÍ ABIDJAN

Kò sí ìdílé tó pọ̀ ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn ní Abidjan tàbí ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire. Mọ́tò ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń la Benin, Tógò àti Gánà kọjá kó tó débẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, owó rẹ̀ kò kéré, ọjà tó wà nílẹ̀ kò sì ṣeé dédé tì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró de ìgbà ìsìnkú kí wọ́n tó wálé.

Bí dókítà bá ti sọ pé ìwòsàn kò sí mọ́, ọjọ́ náà ló yẹ kí ẹbí pe àwọn tó wà lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì sọ òótọ́ fún wọn. “Ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá” kò tó. Ẹni tó bá lè wá, kó wá nígbà tí Màmá ṣì lè pè é ní oríkì rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, kó máa pè, kó máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n gbé fóònù sí wọn létí. Owó tó bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, kó fi ránṣẹ́ nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló ń dunni jù. Wọ́n lè máà rí owó oògùn ìrora oṣù kan rà fún Bàbá. Tí wọ́n bá kú tán, màlúù á wà, aṣọ ẹbí á wà, àwọn olórin á wà. Ìsìnkú tó yẹni dára, àṣà ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Bàbá wà láàyè ni ara ń ro wọ́n.

BÍ ÀKÓKÒ BÁ SÚN MỌ́

Ó dára kí ẹbí mọ ohun tí wọ́n máa rí, kí ẹ̀rù má baà gbé wọn. Ní ọjọ́ díẹ̀ tó kẹ́yìn, aláìsàn á máa sùn púpọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè tutù. Mímí lè máa dúró, kó tún máa lọ. Nǹkan lè máa dún ní ọ̀nà ọ̀fun, èyí tó máa ń dẹ́rù ba ará ilé ju bó ṣe ń ni aláìsàn fúnra rẹ̀ lára lọ. Ẹ dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí etí ṣì máa gbọ́ nígbà tí ẹnu kò lè dáhùn mọ́. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ dárúkọ ara yín fún wọn, ẹ ka Bíbélì tàbí Kùránì bí ìyẹn bá jẹ́ tiwọn.

Kí ọjọ́ náà tó dé, kí ẹbí ti fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa ṣe. Bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, ẹnì kan á sáré gbé wọn sórí ọ̀kadà lóru, ojú ọ̀nà ni ẹ̀mí á sì ti bọ́. Ẹni tó bá ti sọ pé ilé òun lòun fẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí ilé gbà á.

IBI TÍ Ẹ TI LÈ BẸ̀RẸ̀

Kí ẹ tó gbé aláìsàn kúrò ní ọsibítù, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́rin: Oògùn ìrora wo la máa lò, aago mélòó? Tó bá ṣì ń ro wọ́n, kí la máa ṣe? Ta la lè pè lóru? Ṣé ẹ̀ka ìtọ́jú ìdẹ̀rùn wà níbí, tí kò bá sí, ibo lẹ máa kọ̀wé rán wa lọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹni tó ti wà nílé lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tàbí ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn. Àwọn ọsibítù ńlá tó wà ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣeé béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ka họ́sípíìsì ti UCH wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Ìwó lọ. Aláìsàn kò ní láti rin ìrìnàjò náà lójoojúmọ́. Ọmọ kan lè lọ pẹ̀lú ìwé ìtọ́jú wọn láti kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ní ìwé ìlera adójútòfò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó béèrè èyí tó lè san níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún ni àgbáyé ń ṣàyájọ́ họ́sípíìsì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè lo ọjọ́ náà láti pe nọ́ọ̀sì kan kó wá kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà àti bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan ni.

Kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ ikú padà. Àmọ́ òru tó ṣáájú rẹ̀, ẹbí lè ṣe nǹkan sí i. Nítorí náà, bí dókítà bá ní “Ẹ máa gbé wọn lọ sílé,” ẹ má tíì dìde. Ẹ bi í pé, “Dókítà, tí a bá délé, báwo la ṣe máa tọ́jú wọn?”